Wákàtí Mẹ́sàn-án àti Ìṣẹ́jú Mẹ́rìnlá

Ní igun ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà Bogumiła
aago kékeré kan bà bí ẹyẹ tó bà sórí wáyà.
Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà;
tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó panu dé.
Ṣùgbọ́n ẹ sọ orúkọ iṣẹ́ fún un kó tó mí.
Bogumiła kọ ọ́: Ìwé ìlànà ẹ̀rọ ìfọṣọ, fáìlì keje,
ó gbé kọfí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀.

Èdè Jámánì ń wọlé, èdè Pólàǹdì ń jáde.
Má ṣe ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ nígbà tó bá ń yí.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Ọ̀rọ̀ kan wá há a lọ́fun,
ó kọjú sí fèrèsé, ó ń wá a
láàárín òjò dídì tó ń bọ́ sórí òrùlé.
Aago yọ sí i lójijì:
“Ọwọ́ rẹ kò kan ẹ̀rọ láti ìṣẹ́jú márùn-ún.
Ṣé o ń ṣiṣẹ́ ni àbí o ń sinmi?”
Ó rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò là á yé aago
pé orí lè máa roko nígbà tí ọwọ́ jókòó?

Bàbá rẹ̀, Wacław, lo ọgbọ̀n ọdún
ní ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Gdańsk.
Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ kan máa ń bu káàdì rẹ̀ jẹ,
gbì láàárọ̀, gbì nírọ̀lẹ́.
“Ó mọ ìgbà tí mo dé,” bàbá a máa wí,
“kò bi mí rí pé ṣé mo jí ire.”

Lálẹ́ Ọjọ́rú kan nínú oṣù Èrèlé
fóònù dún, ọ̀rọ̀ ọṣẹ ló ń túmọ̀ lọ́wọ́.
Nọ́ọ̀sì ni. Kò sọ púpọ̀.
Bogumiła sá jáde láìso okùn bàtà,
kò paná, kò pa aago.

Ní wọ́ọ̀dù kẹta ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú,
ọwọ́ tó le bí awọ, àpá iná wẹ́dà ṣì wà níbẹ̀.
Kò sọ̀rọ̀. Òun náà kò sọ̀rọ̀.
Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi òwú tútù pa á létè.
Nínú ilé tí kò séèyàn, aago ń béèrè:
ṣé o ń ṣiṣẹ́ ni àbí o ń sinmi?
Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ó ń kà lọ.
Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí ọwọ́ náà tú.

Nígbà tó padà délé, iná ṣì ń tàn.
Ìwé ìlànà ẹ̀rọ ìfọṣọ, fáìlì keje:
wákàtí mẹ́sàn-án, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.
“Ṣé kí n tọ́jú rẹ̀,” aago ní, “àbí kí n jù ú nù?”

Ó jókòó tòun ti ẹ̀wù òtútù.
Bó bá tọ́jú rẹ̀, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ
ni yóò sanwó àìsùn òru yìí.
Bó bá sì jù ú nù...
rárá.
Ó ṣí iṣẹ́ tuntun. Níbi orúkọ, ó kọ Bàbá.
Níbi oníbàárà, kò kọ nǹkan kan.
Níbi owó wákàtí kan, aago kò gbà kó ṣófo;
ó tẹ òdo.
Ó wá kó wọn lọ síbẹ̀, wákàtí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán,
kò gbàgbé ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.

Lópin oṣù, àkọsílẹ̀ dé Bremen.
Detlef tó ń ṣírò owó kọ̀wé padà:
“Mo rí ìlà kan tí kò yé mi, kò lówó lórí.
Ṣé àṣìṣe ni? Ṣé kí n pa á rẹ́?”

Bogumiła gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó pẹ́ kó tó fèsì.
Aago béèrè ìbéèrè rẹ̀.
Ó tẹ: mo ń ṣiṣẹ́.
Lẹ́yìn náà ó kọ̀wé sí Detlef: “Jẹ́ kó wà níbẹ̀,”
ó sì padà sí fáìlì keje, ojú ìwé tó kẹ́yìn:
Bí ẹ̀rọ náà bá ń gbọ̀n,
wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹsẹ̀ múlẹ̀.